Ibi Tí Ẹ̀rọ Ti Kọsẹ̀: Wíwá Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Géèmù Tuntun Fi Ń Dákú

 

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀ràn kọ̀ǹpútà géèmù tuntun tó ń dákú kalẹ̀ bó ṣe máa ń rí. Ọ̀dọ́ kan tu owó jọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ra purosẹ́sọ̀, ó ra mọ́dábọ́ọ̀dù, ó ra RAM, ó ra gíráfíìsì káàdì, ó ra páwà-páàkì àti àpótí tí yóò kó gbogbo wọn sí. Ó tò wọ́n, iná tàn, Windows wọlé, inú rẹ̀ dùn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, níbi tó ti ń ta géèmù lọ́wọ́, ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Ó tún un tàn, ó ṣe dáadáa fún wákàtí mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ogún ìṣẹ́jú péré ló lò kó tó tún dákú. Àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dábàá: ọ̀kan ní káàdì ni, èkejì ní páwà ni, ẹ̀kẹta ní kó pa Windows rẹ́ kó tún un gbé sórí. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, owó mìíràn ti jáde, ẹ̀rọ ò sì yé kú.

Àwọn àgbà ní kì í ṣe ibi tí a ṣubú sí ni ká wò, ibi tí a ti kọsẹ̀ ni ká wò. Òwe yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dúró lé. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ sójú rẹ̀ nígbà tó dákú, ibi tó ṣubú sí ló ń sọ fún wa. Ibi tó ti kọsẹ̀ lè jìnnà síbẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ń ra èèlò nítorí ohun tó rí níbi ìṣubú, owó ló ń dà sómi. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tọpasẹ̀ rẹ̀ padà ni yóò rí ìdí ọ̀ràn.

Oríṣi ìdákú àti ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí

Kí ẹnikẹ́ni tó mú sukuruduráífà lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ mọ irú ìdákú tó ń bá jà. Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Èkíní, géèmù nìkan ló pa dé, Windows ṣì wà níbẹ̀ digbí. Èkejì, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, ó kọ orúkọ àṣìṣe kan síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, gbogbo nǹkan gan, tàbí ojú ṣú tí fáànù káàdì sì ń pariwo. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀rọ kú pátápátá bíi pé ẹnì kan fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, nígbà mìíràn á sì tan ara rẹ̀ padà.

Ẹ̀kẹrin sábà máa ń tọ́ka sí iná. Ẹ̀kẹta sábà máa ń tọ́ka sí káàdì tàbí dráífà rẹ̀, ìyẹn ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Èkíní àti èkejì lè wá láti ara RAM, purosẹ́sọ̀, dráífà, àní láti ara fáìlì géèmù tó bàjẹ́. Mo ní wọ́n ń tọ́ka. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìdájọ́.

Windows náà ní ibi tó ń kọ ìròyìn ara rẹ̀ sí, Event Viewer ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí ìlà pupa kan tó ní Kernel-Power, nọ́ńbà 41, wọ́n á sì pariwo pé páwà-páàkì ti bàjẹ́. Ohun tí nọ́ńbà 41 ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tàn láìjẹ́ pé ó pa dé bó ṣe yẹ. Ẹ̀rí pé ó kú ni, kò sọ ohun tó pa á. Ìlà tó yẹ kó mú wa dìde jókòó ni WHEA-Logger, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́rìí pé àwọn èèlò inú òun ṣe àṣìṣe. Bí ẹ bá sì rí nọ́ńbà 4101 lábẹ́ orúkọ Display, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé dráífà káàdì kò dáhùn mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 2 ni Windows fi ń dúró de káàdì. Bí kò bá dáhùn, Windows á gbìyànjú láti jí i. Bí ojú búlúù bá sì ti wáyé, ẹ wo inú fódà Minidump tó wà nínú fódà Windows, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kó àkọsílẹ̀ ìdákú pa mọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ ńlá láti ọ̀dọ̀ Intel

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì pé ìṣubú àti ìkọsẹ̀ kì í gbé ojú kan, kó gbọ́ ìtàn yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Intel gbé purosẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá jáde, wọ́n sì gbé ìran kẹrìnlá jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ọ̀gá wọn ni Core i9-13900K àti Core i9-14900K. Kò pẹ́ tí àwọn tó ra wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Géèmù tí wọ́n fi Unreal Engine ṣe ń pa dé lójú wọn, pàápàá nígbà tó bá ń ṣètò àwòrán rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ sì ń kọ síta ni pé ààyè ìrántí inú gíráfíìsì káàdì ti tán.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń tanni jẹ. Ẹni tí ààyè ìrántí káàdì rẹ̀ tó gígábáìtì 24 ń kà á pé ààyè ti tán. Kí ni yóò ṣe? Yóò yí dráífà káàdì padà. Bí kò bá yanjú, yóò pààrọ̀ káàdì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe nìyẹn. RAD Game Tools, àwọn tó ṣe Oodle tí géèmù fi ń tú dátà tí wọ́n ká pọ̀, ló wá kéde pé kò sí àbùkù lára Oodle tàbí Unreal Engine. Purosẹ́sọ̀ ló ń ṣírò lódìlódì. Iṣẹ́ títú dátà yìí wúwo lórí purosẹ́sọ̀, bí èsì rẹ̀ bá sì ti wọ́, géèmù á bọ́ sínú ìdàrúdàpọ̀, á wá kọ ohun tó rí níwájú rẹ̀ síta. Káàdì ló gba ẹ̀bi, purosẹ́sọ̀ ló jẹ gbèsè.

Ní oṣù keje ọdún 2024, Intel jẹ́wọ́ pé ìlànà inú purosẹ́sọ̀ náà ń béèrè iná tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ní oṣù kẹjọ wọ́n gbé àtúnṣe tí wọ́n pè ní 0x129 jáde, èyí tó dá iná tí purosẹ́sọ̀ lè béèrè dúró sí fóòtì 1.55. Ní oṣù kẹsàn-án, 0x12B tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ọdún méjì kún ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń dúró lẹ́yìn ọjà náà. Àmọ́ wọ́n sọ ọ́ gbangba pé àtúnṣe yìí ń dènà ni, kò lè wo purosẹ́sọ̀ tó ti bàjẹ́ sàn. Inú BIOS, ètò tó ń jí mọ́dábọ́ọ̀dù, ni àtúnṣe náà ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá to ẹ̀rọ tuntun, kó gbé BIOS tó dé kẹ́yìn sórí mọ́dábọ́ọ̀dù kó tó gbé géèmù kankan sí i. Ẹ ṣe é níbi tí iná kò ti ní lọ láàárín, nítorí BIOS tí iná lọ mọ́ lórí lè sọ mọ́dábọ́ọ̀dù di òkúta.

Ọ̀rọ̀ náà lè yí padà sí òdìkejì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 tí Nvidia gbé RTX 3080 jáde, àwọn tó kọ́kọ́ rà á rí i pé géèmù ń pa dé. Ariwo ta pé àwọn èèlò kéékèèké tó wà lẹ́yìn káàdì ni kò dára tó. Kí oṣù náà tó parí, Nvidia gbé dráífà 456.55 jáde, ara ọ̀pọ̀ káàdì sì balẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan èèlò kankan. Níbi tí wọ́n ti ń wo irin, inú dráífà ni ìwòsàn ti wá.

RAM, ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò

Bí ẹ bá ní kí n yan ibì kan ṣoṣo tí ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀rọ tuntun, RAM ni mo máa mú. Kì í náni ní kọ́bọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì wà lára àwọn tó máa ń jẹ̀bi jù.

Ẹ gbé páálí RAM DDR5 sókè. Wọ́n lè kọ 6000 sí i. Ẹ̀rọ tuntun kì í lo iye yẹn fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n tó rẹlẹ̀ bíi 4800 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Ẹni tó ni ín ló máa wọ inú BIOS, tí yóò tan XMP bó bá jẹ́ ti Intel, tàbí EXPO bó bá jẹ́ ti AMD. Nígbà tí ó bá tàn án, ó ti mú ẹ̀rọ sáré ju ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ purosẹ́sọ̀ fọwọ́ sí lọ. Ohun tí wọ́n kọ sí páálí jẹ́ ìlérí lórí RAM nìkan. Purosẹ́sọ̀ kò bá wọn ṣèlérí. Fún àpẹẹrẹ, AMD fọwọ́ sí 5200 fún Ryzen 7000 bí RAM bá jẹ́ ẹyọ méjì. Bó bá di ẹyọ mẹ́rin, 3600 péré ni wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ki ẹyọ mẹ́rin bọ̀ ọ́, tó sì tan 6000, orí ahọ́n ọ̀bẹ ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé.

Bí a ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ wọ BIOS, ẹ pa XMP tàbí EXPO, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ ta géèmù bí ẹ ṣe ń ta á tẹ́lẹ̀. Bí ìdákú bá dáwọ́ dúró, ẹ ti rí ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba Memtest86+, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé e sórí fíláàṣì, kí ẹ̀rọ tan láti ara fíláàṣì yẹn, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ di ilẹ̀ mọ́. Bí ó bá rí àṣìṣe, yóò kọ ọ́ síta ní pupa. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Kò sí pé ó kéré, kò sí pé ẹ jẹ́ ká fojú fò ó.

Bí pupa bá jáde, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ tú gbogbo RAM kúrò. Ẹ fi ẹyọ kan sí ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ purosẹ́sọ̀, ẹ tún ìdánwò ṣe. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi èkejì sí ihò kan náà. Bí ọ̀kan bá mọ́ tí èkejì sì jáde ní pupa nínú ihò kan náà, RAM yẹn ló jẹ̀bi. Bí méjèèjì bá jáde ní pupa níbẹ̀, tí wọ́n sì mọ́ nínú ihò mìíràn, ẹ fi RAM sílẹ̀, ẹ wo mọ́dábọ́ọ̀dù àti ojú ibi tí purosẹ́sọ̀ jókòó sí, bóyá pínnì kan ti tẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹyọ méjì padà sórí mọ́dábọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin ni ti wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín bí ẹ̀rọ DDR5 bá ṣú fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ tàn án. Ó ń mọ RAM rẹ̀ dájú ni. Ẹni tó bá pa iná lákòókò yẹn ń dá iṣẹ́ rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Iná, láti ògiri dé inú káàdì

Bí ẹ̀rọ bá ń kú bí ẹni fa wáyà yọ, ẹ jẹ́ ká tọ ipa iná. Gíráfíìsì káàdì òde òní kì í fa iná ní ìwọ̀n kan. RTX 3090 jẹ́ káàdì wáàtì 350, àmọ́ ó lè fo kọjá ìyẹn dáadáa fún àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, bí ọkọ̀ akérò tí awakọ̀ rẹ̀ ń tẹ iná mọ́ lójijì. Páwà-páàkì tí kò fara da irú ìfò bẹ́ẹ̀ yóò rò pé wáyà ti pàdé, á sì pa ara rẹ̀ kí ilé má bàa jóná. Nítorí èyí ni ìlànà ATX 3.0 tó jáde ní 2022 fi ní kí páwà-páàkì lè fara da ìlọ́po méjì agbára tí wọ́n kọ sí i lára fún ìgbà kúkúrú.

Ẹ wo wáyà náà. Ẹnu wáyà onípínnì mẹ́jọ kan wà fún wáàtì 150, ihò tí káàdì jókòó sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù wà fún 75. Bí káàdì bá ní ẹnu méjì, wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó ti inú páwà-páàkì wá. Ẹ má fi wáyà kan ṣoṣo tó ní orí méjì ṣe é. Ẹ má ṣe yá wáyà páwà-páàkì mìíràn láé, bó tilẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, nítorí ètò inú rẹ̀ lè yàtọ̀, yóò sì jó èèlò yín. Nígbà tí ẹnu wáyà RTX 4090 ń yọ́ ní 2022, Nvidia sọ pé èyí tí wọn kò tì wọlé dé ìdí wọ́pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ tì í títí àlàfo kò fi ní sí mọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ iná kò parí sínú àpótí. Nígbà tí iná bá lọ tí ìnfátà gba iṣẹ́, àlàfo kékeré kan wà láàárín. Páwà-páàkì tó dára ń gbé ẹ̀rọ dúró fún nǹkan bí ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìnfátà tàbí UPS tí kò yá tó bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ kó kú. Òmíràn tún wà tí iná rẹ̀ kò rí roboto bíi ti ìjọba, páwà-páàkì òde òní mìíràn kì í sì gba irú iná bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá kú, ẹ kọ aago sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orísun iná tó wà lórí rẹ̀ lásìkò náà: ìjọba, jẹnẹrétọ̀ tàbí ìnfátà. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé ẹni tí iná rẹ̀ dúró dáadáa, kí ẹ ta géèmù kan náà níbẹ̀. Bí kò bá kú mọ́, ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí káàdì.

Ìgbóná àti ọwọ́ tó tò ó

Ìgbóná ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń fura sí, àmọ́ purosẹ́sọ̀ òde òní mọ bí a ṣe ń gba ara ẹni là. Ọ̀pọ̀ Ryzen 7000 á dẹ eré sílẹ̀ bó bá dé ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 95, ọ̀pọ̀ ti Intel á dẹ̀ ẹ́ ní 100. Nítorí náà, ìgbóná á kọ́kọ́ sọ géèmù di ìgbín kó tó pa ẹ̀rọ. Ẹ lo HWiNFO kó máa kọ ìwọ̀n sínú fáìlì, lẹ́yìn ìdákú kí ẹ ka ìlà tó kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ 70 ló kọ síbẹ̀, ẹ dá ìgbóná sílẹ̀. Bí ó bá ń fò lọ sí 100 kété tí ẹ tàn án, ẹ tú irin atutù wò: ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀.

Ẹ yẹ ìdúró mọ́dábọ́ọ̀dù wò pẹ̀lú. Bí ẹsẹ̀ irin kan bá wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí kò sí ihò ìdè, ó lè máa kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, kí ó sì máa da iná pọ̀ lóòrèkóòrè. Kò sí ohun tí Windows máa kọ tí yóò sọ èyí fún yín.

Ìlànà tó ń gbani

Èkíní, ẹ ní ìwé kan. Ẹ kọ ọjọ́, aago, géèmù, irú ìdákú àti ohun tí ẹ yí padà síbẹ̀. Èkejì, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó yí dráífà, RAM àti wáyà padà lọ́jọ́ kan náà, bí ara ẹ̀rọ bá yá, kò mọ ohun tó wò ó sàn. Bí àìsàn bá padà, kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ohun tí kò náni lówó ni kó ṣáájú. Ẹ̀kẹrin, ẹ ya iṣẹ́ sọ́tọ̀: Prime95 ń fún purosẹ́sọ̀ àti RAM níṣẹ́, FurMark ń fún káàdì níṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá kú lábẹ́ ọ̀kan, tí kò kú lábẹ́ èkejì, ẹ ti gé oko ìwádìí sí méjì.

Ẹ̀karùn-ún ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ó ti san? Bí ẹ̀rọ bá máa ń kú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 2, ọjọ́ 2 tí kò kú kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ oríire. Bí ìdákú kò bá ní àkókò kan pàtó, ẹ fún un ní ìlọ́po mẹ́ta àlàfo tó máa ń wà láàárín ìdákú méjì. Bó bá kọjá ọjọ́ 6 láìkú, àǹfààní kí ẹ̀rọ tí kò tíì san la ìyẹn kọjá nípa oríire lásán kò ju nǹkan bí 5 nínú 100 lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Ẹ̀yin tí ẹ ni ẹ̀rọ, ẹ dán gbogbo èèlò tuntun wò kíákíá. Èèlò tó ní àbùkù láti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń fi ara rẹ̀ hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, ìgbà yẹn náà sì ni ẹni tó tà á ṣì lè gbà á padà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ló gbé e wá láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà sì ni yóò ti gba pípààrọ̀. Ẹ dán an wò kí ẹni yẹn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà. Ẹ tọ́jú páálí.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tó ń ṣàtúnṣe, ní Computer Village ní Ìkẹjà àti níbi gbogbo, ọ̀dọ́ tó gbé ẹ̀rọ wá sọ́dọ̀ yín ti fọkàn tán yín. Ẹ má sọ fún un pé mọ́dábọ́ọ̀dù ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹ fi mọ́dábọ́ọ̀dù tó pé dán an wò lójú rẹ̀. Ẹ fi ìlà pupa inú Memtest86+ hàn án. Ẹni tó rí ẹ̀rí kì í jiyàn owó iṣẹ́, yóò sì mú ẹlòmíràn wá bá yín.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kọ iye ọjọ́ tí oníbàárà lè fi dá ọjà padà sára rìsíìtì, kí ẹ sì jẹ́ kó tó fún ìdánwò. Ọjọ́ kan kò tó láti mọ RAM tó ń ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan lóru.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń fi sukuruduráífà to ẹ̀rọ géèmù lónìí ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ti báńkì àti ti ilé-ìwé lọ́la. Bí wọ́n bá kọ́ láti béèrè ẹ̀rí, láti yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan àti láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn yóò ṣeé gbára lé níbikíbi tí wọ́n bá bá ara wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ pé kí ẹ má fi ọ̀ràn yìí ṣe eré ọmọdé: ẹ fún wọn láyè, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń wá ìdí rẹ̀.